Rọ́bà Abẹ́ Ọkọ̀ Ìyá Agbẹ̀bí

Ní Madina wa níbí, àwọn ọmọdé kì í pe orúkọ mi. "Másítà" ni wọ́n ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ní Gánà. Àwọn Yorùbá àdúgbò ní tiwọn a máa pè mí ní Bàbá Fítà, nítorí fítà ni orúkọ mẹkáníìkì nílẹ̀ yìí. Mo ń jẹ́ méjèèjì. Apá mi kò ká bóòtì tó ti dípẹtà mọ́. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ló ń wọ abẹ́ ọkọ̀ báyìí, èmi a jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi lábẹ́ igi dóńgóyárò. Ṣùgbọ́n etí mi ṣì ń gbọ́ dáadáa. Bí ọkọ̀ igbó àtijọ́ kan bá ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, tó kó sí kòtò, mo máa ń tẹ́tí. Ìró tó bá dún nígbà tí táyà wà nínú kòtò, ti sípíríǹgì tàbí ti ṣọ́ọ̀kì ni. Èyí tó bá dún lẹ́yìn tí táyà ti jáde tán, "gbì" kan ṣoṣo, bí ìgbà tí èèyàn gbé àpótí aṣọ kalẹ̀ sórí pákó, bọ́dì ọkọ̀ ló ń padà jókòó sórí ṣáàsì rẹ̀. Rọ́bà tó wà láàárín wọn ti kú nìyẹn.

Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí ẹ ń rí lójú títì lónìí kò ní irú rọ́bà yìí. Wọ́n tẹ irin wọn, wọ́n jó o pọ̀, bọ́dì ni ṣáàsì, ṣáàsì ni bọ́dì. Ọkọ̀ igbó àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣáàsì wà nísàlẹ̀ lọ́tọ̀, irin gbọọrọ méjì tí irin ìdábùú so pọ̀ bí àkàbà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Òun ló gbé ẹ́ńjìnnì àti jíà, òun ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ so mọ́. Ibi tí èèyàn ń jókòó sí, lókè ni wọ́n gbé e kà. Àwọn tó ṣe Land Rover láyé àtijọ́ fi bóòtì de irin mọ́ irin ni, ẹni tó bá sì ti jókòó nínú rẹ̀ láti Accra dé Tamale, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní gbàgbé. Àwọn ará Japan tó ṣe Land Cruiser fi rọ́bà sáàárín. Ó lè jẹ́ ojú mẹ́jọ, ó lè jẹ́ mẹ́wàá tàbí méjìlá, ó kù sí irú ọkọ̀. Ní ojú kọ̀ọ̀kan, rọ́bà nípọn kan wà lórí apá irin tó yọ lára ṣáàsì, òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Ti òkè ló ń ru bọ́dì, ti ìsàlẹ̀ ni kì í jẹ́ kó fò sókè. Ọ̀pá irin kékeré kan wà nínú ihò wọn tí bóòtì ń gbà kọjá, kí ẹni tó ń fún bóòtì má baà fún un títí tí rọ́bà á fi pẹ́lẹbẹ bí àkàrà tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ohun tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ni rọ́bà náà. Kò sẹ́ni tó ń rí i. Mo ti rí àwọn tó ra ọkọ̀, tí wọ́n fi í ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún, tí wọn kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi ní 1985. Kí n tó débẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ bí èmi fúnra mi ṣe dé Madina.

Accra ni wọ́n bí mi sí ní 1951, ní àdúgbò tí gbogbo ayé ń pè ní Lagos Town nígbà náà. Accra New Town ni wọ́n ń pè é báyìí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, aṣọ àti èlò kẹ̀kẹ́ ló ń tà. Mo gbọ́ Gáà àti Haúsá kí n tó mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Busia kéde pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bàbá mi ti lo ọgbọ̀n ọdún ó lé ní Gánà, kò ní ìwé kankan, nítorí kò sẹ́ni tó bi í rí. Àwìn ni púpọ̀ nínú ọjà rẹ̀ wà. Ó ní ìwé kékeré kan tó kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ sí, ó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì yẹn rìn láti ilé dé ilé. Kò rí ìdajì gbà. Àwọn kan sunkún nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n ní kò sí owó nílé. Àwọn kan kò ṣílẹ̀kùn. A wọ lọ́rì dé Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ìwé náà nínú àpò rẹ̀, ó sì wà nínú àpótí rẹ̀ títí tó fi kú.

Mo lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Mo gba ìyọ̀ǹda, mo bá ọ̀gá mi ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò kúrò ní Accra. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí ìwé ní 1979 pé ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì láìgba físà, kó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó. Mo padà dé ní 1981. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo lọ gba ìwé ìgbélùú. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ, tó bá rí ekòló, á sá.

Madina ni mo ti rí ibi tí owó mi ká. Ìlú àlejò ni. Ní 1959 ni Alhaji Seidu Kardo àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ̀ ẹ́ dó sórí ilẹ̀ àwọn ará La, wọ́n sì fi orúkọ ìlú mímọ́ sọ ọ́. Nígbà tí mo dé, ọmọ Haúsá, Kotokoli, Ewe, Ashanti, Gáà, Dagomba, gbogbo wọn ti wà níbẹ̀, àwọn Yorùbá tí 1969 kò gbá lọ sì wà láàárín wọn. Ọ̀nà tó ti Legon wá, tó gba ọ̀dọ̀ wa lọ sí Adenta àti òkè Aburi, kò fẹ̀ bó ṣe fẹ̀ lónìí. Ewúrẹ́ ń sùn sí i.

Lẹ́yìn náà ni 1983 dé. Ẹni tó bá wà ní Gánà lọ́dún náà kò nílò kí n ṣàlàyé. Òjò kò rọ̀, iná jó oko, gààrí di ohun tí wọ́n ń fi ife kékeré wọ̀n, eegun ọrùn èèyàn yọ síta, wọ́n sì ń pè é ní ṣéènì Rawlings, orúkọ olórí ìjọba ìgbà náà. Ọdún yẹn náà, ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní, ìjọba Nàìjíríà kéde pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde. Ọjọ́ mẹ́rìnlá kan náà. Mo jókòó ti rédíò ní Madina, ojú tì mí, bí ẹni pé èmi ni mo kọ ìwé ìkéde náà. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Gánà ló gba ẹnubodè wọlé pẹ̀lú báàgì tí gbogbo Èkó ń pè ní Ghana Must Go títí dòní.

Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọ Fante kan, kò tíì pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí mo ń fi Yorùbá bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀, ló bá dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, bọ̀ọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ wà?" Yorùbá Muṣin ni, tó dán mọ́rán. Ọdún márùn-ún ló fi ṣe jórinjórin níbẹ̀. Wọ́n lé e kúrò ní ìlú tèmi, ó wá bá mi ní ìlú tirẹ̀, èdè tí wọ́n fi lé e ló fi bẹ̀ mí níṣẹ́. N kò lówó tí màá san fún un. Mo ní kó wọlé.

Èmi àti òun la jọ ṣe ọkọ̀ ìyá agbẹ̀bí.

Ìyá náà ń gbé lápá Dodowa, ó sì ń gbẹ̀bí káàkiri àwọn abúlé ẹsẹ̀ òkè. Ọmọ Gánà kékeré àti àgbà, "Auntie" ni wọ́n ń pè é. Èmi ń pè é ní Màmá. Ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ Land Cruiser 40, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1960, tí wọ́n sì dá dúró ní 1984. Ti ọdún 1973 ni tirẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, nítorí ọwọ́ òsì ni Gánà ń gbà títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1974. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló fi í sílẹ̀ fún un. Ó ní, "Fítà, ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ mi. Bí mo bá gbé aláboyún, ó ń jù ú sókè, ó ń gbà á sílẹ̀. Mi ò lè máa gbé wọn báyìí mọ́."

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fáànù ti ń ha ike tó yí i ká, ó ti jẹ ẹ́ lápá kan bí eku. Ẹni tí kò mọ̀dí á sọ pé ẹ́ńjìnnì ló ti kúrò láàyè rẹ̀, á pààrọ̀ ìjókòó ẹ́ńjìnnì, owó á lọ, ariwo á sì wà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: orí ṣáàsì ni fáànù wà, nítorí ara ẹ́ńjìnnì ni. Rédíétọ̀ àti ike rẹ̀ wà lápá bọ́dì. Bí rọ́bà iwájú bá ti rì, bọ́dì a sọ̀kalẹ̀, ike a tẹ̀lé e, fáànù kò ní kúrò níbi tó wà. Mo wo ilẹ̀kùn. Ó ti fi ojú ibi tó ń há hàn, ọ̀dà ti bó lókè, àlàfo ti gbòòrò nísàlẹ̀. Mo ki irin pẹlẹbẹ kan sáàárín bọ́dì àti ṣáàsì lábẹ́ ìjókòó awakọ̀, mo fi tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bọ́dì gbéra bí ìdérí ìkòkò.

Rọ́bà tó wà níbẹ̀ kò jọ rọ́bà mọ́. Ooru, ọ́ìlì tó ń kán, afẹ́fẹ́ òkun àti erùpẹ̀ ọyẹ́ ti jẹ ẹ́. Bí a ṣe fọwọ́ kàn án ló fọ́ bí àkàrà gbígbẹ.

Kò sí òmíràn láti rà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Abossey Okai lónìí, tí ẹ lè rìn níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ láàárín èlò ọkọ̀ tí wọ́n tò dé àjà, ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí ní 1985. Owó ilẹ̀ òkèèrè kò sí, ẹni tó bá fẹ́ rọ́bà Japan, àfi kó mọ awakọ̀ òfuurufú. Mo ránṣẹ́ sí Suame Magazine ní Kumasi, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fítà àti alágbẹ̀dẹ ti ń fi ọwọ́ ṣe ohun tí ilé iṣẹ́ kò bá ṣe. Ìdáhùn tó wá ni pé kí n lọ gé táyà bí gbogbo ènìyàn.

Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ lónìí ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rọ́bà táyà. Wọ́n ní iṣẹ́ ojú kò rí ibi ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ṣe é.

Kì í ṣe gbogbo táyà ló ṣeé gé. Táyà tó ní wáyà irin nínú kò dára, ọ̀bẹ kò ní gba inú rẹ̀ kọjá, wáyà rẹ̀ á sì máa gún irin bọ́dì títí tí yóò fi dá egbò sí i. Táyà lọ́rì àtijọ́ tó jẹ́ òwú ni wọ́n fi hun inú rẹ̀ là ń wá. Mo lọ bá bàbá Kotokoli kan tó ń fi táyà rán bàtà lẹ́bàá ọjà Madina, òun ló kọ́ mi pé ọṣẹ ni àṣírí rẹ̀. Ẹ ó po ọṣẹ sínú omi, ẹ ó máa ri ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, rọ́bà á sì máa gbà fún un bí ẹran tó jinná. Láìsí ọṣẹ, ọ̀bẹ á há, ọwọ́ á gé. Ọjọ́ méjì ni ó fi bá wa gé e ní róbótó róbótó, kò gba ju owó oúnjẹ lọ.

A to ege mẹ́ta mẹ́ta lé ara wọn, a fi gọ́ọ̀mù fọganáísà lẹ̀ wọ́n pọ̀, a fi òkúta ọlọ tẹ̀ wọ́n mọ́jú. Ọmọ Fante mi gé páìpù omi sí wẹ́wẹ́ fún ọ̀pá àárín. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọmọ náà yóò dé ibi gíga. Ó fi fáìlì ha gbogbo wọn títí gígùn wọn fi dọ́gba, ó tò wọ́n sórí gíláàsì fèrèsé kan, ó gbé gíláàsì kejì lé wọn lórí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo àárín. Ó ní, "Ọ̀gá, bí ọ̀kan bá ga ju ìkejì lọ, òun nìkan ló máa ru ẹrù." Òótọ́ ni. Rọ́bà gbọ́dọ̀ ga ju ọ̀pá irin náà lọ díẹ̀, kí bóòtì lè fún un mọ́ra kó tó kan irin, ṣùgbọ́n ọ̀pá kò gbọdọ̀ ga ju ara wọn lọ.

Bóòtì ló kù. Ọdún méjìlá ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta la fi ń da dísẹ́ẹ̀lì sí wọn. Méjì já. Ọ̀kan ń yí lófo, nítorí nọ́ọ̀tì rẹ̀ tí wọ́n jó mọ́ inú irin ilẹ̀ ọkọ̀ ti tú, a ní láti gé fèrèsé kékeré sí ilẹ̀ ọkọ̀ ká tó rí i dì mú. Ibi tí apá irin ṣáàsì kan wà lẹ́yìn, ẹrọ̀fọ̀ ti kún inú rẹ̀, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ láti inú wá. A ha ẹrọ̀fọ̀ jáde, ó kún garawa kan. Erùpẹ̀ pupa ẹsẹ̀ òkè Akwapim ni, mo mọ àwọ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí ṣì ń dùn mí.

Mo gbé pákó sábẹ́ bọ́dì, mo gbé jáàkì sábẹ́ pákó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé apá ọ̀tún sókè. Mo ti tú gbogbo bóòtì apá yẹn, mo sì ti dẹ ti apá òsì. Mo rò pé mo ti ṣe ohun gbogbo. Bọ́dì gòkè díẹ̀, mo tún tẹ jáàkì, ó tún gòkè. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n fa aṣọ ya. Omi dà sílẹ̀. Họ́ọ̀sì òkè rédíétọ̀ ni. Bí bọ́dì ṣe ń gòkè ló ń gbé rédíétọ̀ lọ, ẹ́ńjìnnì sì wà nísàlẹ̀ níbi tó ti wà, họ́ọ̀sì tó so wọ́n pọ̀ ni mo fi fa ara wọn. Nígbà tí a wò ó dáadáa, wáyà tó ń so bọ́dì mọ́ ẹ́ńjìnnì fún iná náà ti já.

N kò tú ohun tó so òkè mọ́ ìsàlẹ̀ kí n tó gbé òkè. Gbogbo ẹ̀bi ibẹ̀ nìyẹn. Mo jókòó sínú omi pupa náà, ìwé gbèsè bàbá mi ló wá sí mi lọ́kàn. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fi gbé wa kúrò, kò sẹ́ni tó ronú pé ohun kan so wá mọ́lẹ̀. Ọmọ Fante náà dúró tì mí. N kò sọ ohun tí mò ń rò fún un, òun náà kò béèrè, ṣùgbọ́n òun ló lọ bu omi wá, òun ló fọ ilẹ̀.

Mo rin dé Dodowa láti lọ sọ fún Màmá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ilé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àṣà wọn. Ó ní, "Dìde. Ọmọ ń já ìwọ́ nígbà mìíràn kí ọwọ́ mi tó débẹ̀." Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi wọ ọkọ̀ èrò trotro lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnubodè Togo ti ṣí padà lọ́dún kan ṣáájú, obìnrin Yorùbá kan tó ń ná Lomé ló bá mi ra họ́ọ̀sì wá, ó fi aṣọ àǹkárá wé e. Owó mi ni mo fi san. N kò gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ Màmá.

Nígbà tí a tún gbé e, mo ti kọ gbogbo ohun tó gbọ́dọ̀ tú sórí pákó kan pẹ̀lú ẹfun: họ́ọ̀sì òkè àti ìsàlẹ̀, ike fáànù, wáyà iná ilẹ̀, ìsopọ̀ sítíárìn, awọ ìdí jíà, họ́ọ̀sì ẹnu táǹkì, okùn bíréèkì ọwọ́, páìpù bíréèkì. Apá kan ni ká gbé lẹ́ẹ̀kan, bóòtì apá kejì kò gbọdọ̀ jáde pátápátá, kí bọ́dì má baà yẹ̀. Kó má gòkè ju ibi tí rọ́bà bá ti lè wọlé lọ. Kí a fi ọwọ́ lásán fún gbogbo bóòtì, ká gbé bọ́dì kalẹ̀, ká mì ín, ká tó fi sípánà fún un. Kí ọkọ̀ náà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ká tún un fún. Pákó yẹn wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi títí di òní, a ti tún ẹfun rẹ̀ kọ lọ́pọ̀ ìgbà. Gbogbo ọmọ tó gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ mi ló há a sórí.

Ọkọ̀ dákẹ́. Màmá wà á yí ìyànà Zongo ká, ó padà wá, kò sọ̀rọ̀, ó kàn fi ọwọ́ lu irin ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń kí ẹṣin.

Rọ́bà táyà náà fi ọ̀pọ̀ ọdún ru ọkọ̀ yẹn. Ní 2014, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà á wá, Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ìró náà ti padà. Ọmọ Fante mi ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Kasoa nígbà yẹn, ó ti ní àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́jọ, ṣùgbọ́n mo pè é lórí fóònù, ó wá. Àwa méjèèjì la fẹ́ fojú ara wa rí ohun tí ọwọ́ wa ṣe.

Táyà ti le bí igi. Òwú ti yọ ní etí. Àwọn ti apá ibi tí páìpù ìtú-èéfín ń gbà ti rì ju àwọn tó kù lọ, bọ́dì sì ti tẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀. Apá irin ṣáàsì kan ti lu, ó sì yẹ kí n jẹ́wọ́ pé líle táyà ló fà á. Kì í rọ̀ bí rọ́bà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, gbogbo ìjì kòtò ló ń fi ránṣẹ́ sí irin. Nítorí náà, ẹni tó bá rí rọ́bà gidi rà lónìí, tó wá lọ gé táyà, olè ni, ó ń ja oníbàárà rẹ̀ lólè. Ní 1985, ohun tí ayé fún wa la fi ṣe é, a sì ṣe é tọkàntọkàn. Páìpù omi tí ọmọ náà ha kò tíì yẹ̀, gígùn wọn ṣì dọ́gba. Ó kó wọn sínú àpò rẹ̀ lọ sí Kasoa.

Wọ́n ra rọ́bà gidi ní Abossey Okai. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Ayédèrú pọ̀, ó ń dán ju ojúlówó lọ, ó fúyẹ́, ọ̀pá inú rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí agolo mílíìkì. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́: ojúlówó á gbà, á sì padà. Irú kan tún wà tó le bí ike, aláwọ̀ pupa tàbí dúdú, tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré nínú iyanrìn fẹ́ràn. Ó ń pẹ́, ọ́ìlì kò sì ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń gbé gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì wá sí ìdí ẹni tó jókòó, mi ò sì ní fi í sábẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé aláboyún. Ẹ má ṣe pààrọ̀ méjì tó bàjẹ́ jù kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀, nítorí tuntun yóò gba gbogbo ẹrù mọ́ra, yóò kú ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn yín kò sì ní jókòó dáadáa láéláé. Kí ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn lọ́jọ́ kan, kí ẹ fọ ẹrọ̀fọ̀ kúrò nínú apá irin, kí ẹ kun ún lọ́dà.

Ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ náà gbà wá. Ohunkóhun kò ya.

Màmá kú ní ọdún kẹta lẹ́yìn náà. Èmi àti ọmọ Fante mi wà níbi ìsìnkú rẹ̀, a wọ pupa àti dúdú bí wọ́n ti ń wọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin tó wá ju ohun tí àgbàlá gbà lọ, ọ̀pọ̀ wọn mú ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ kò ta ọkọ̀ náà. Ó fi ń kó iṣu àti ata láti oko wá sí ọjà Madina.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó kó sí kòtò tó wà níwájú ẹni tó ń ta wàkyé. Mo tẹ́tí. N kò gbọ́ nǹkan kan.